Ìwo Àgbò Tí Kò Ní Òrùka

Igi tíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń rùn bí awọ àgbò tí wọ́n sá sóòrùn. Kì í ṣe òórùn burúkú. Ó kàn máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni, ọṣẹ kì í sì í tètè mú un kúrò. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìlagi tí òórùn yẹn fẹ́ sí mi nímú, ọkàn mi a padà sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, sí àgbàlá ilé tí àwọn òbí mi ti jẹ́ ayálégbé, níbi tí igi tíìkì kan dúró sí láàrin kànga àti ilé ìdáná. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣa ẹ̀fọ́, abẹ́ rẹ̀ la ti ń sinmi lọ́sàn-án. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ tútù títí àtẹ́lẹwọ́ wa yóò fi pọ́n bí ẹni kun osùn, ìyá mi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nítorí aṣọ ilé-ìwé wa.

Bàbá tó ni ilé náà ló gbin igi ọ̀hún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún la pákó kí orókún rẹ̀ tó kọṣẹ́, gbogbo ilé sì ń pè é ní Bàbá Onílé, àfi ìyá mi tó ń pè é ní Bàbá wa. Ó ní kí òun tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì lórí ilẹ̀ náà ni òun ti gbin igi síbẹ̀, kí àwọn tó ta ilẹ̀ fún òun má baà tún un tà fún ẹlòmíràn. Ara igi náà ló máa ń so àgbò Iléyá rẹ̀ mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni kò so ó mọ́ ọn, torí igi kò tíì ju orókún lọ nígbà náà, ó ní àgbò ì bá fi panu. Onígbàgbọ́ ni àwa, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà là ń lọ, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá Bàbá kì í pẹ́ dé yàrá wa. Bí ó bá sì di Kérésìmesì, ìyá mi a gbé ìrẹsì àti adìẹ lọ fún un. Kí ó má baà gbàgbé ẹni tó ṣe é lóore, ṣe ni ìyá mi máa ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi ihò tí bàbá mi ti ń sọ pé òun ó dí láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀. Ìwé ìyè la máa ń pe kàlẹ́ńdà náà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ mọ́. Ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ló kọ́ wa pé lọ́dọọdún ni igi máa ń fa òrùka kan sínú ara rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, òrùka ọdún náà a sanra. Bí ọ̀dá bá dá, a tín-ín-rín. Ó ní níbi tí kò ti sí ẹni tó wọn òjò sílẹ̀, igi ti bá wa wọ̀n ọ́n, kí a ṣáà ti mọ bí a ṣe ń kà á. Ìjì tó jà ní ìparí òjò ti tẹ igi inú àgbàlá wa sọ́nà òrùlé, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, wọ́n gé e. Mo bẹ Bàbá pé kó fún mi ní ègé kan níbi ìdí rẹ̀. Ó wo igi tó sùn sílẹ̀ gbọọrọ, ó wò mí. “Màá fún ẹ,” ó wí, “ṣùgbọ́n ohun tó bá kọ nípa òjò, wàá kà á sí mi létí.”

Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé igi ilẹ̀ wa kò ṣeé gbára lé tán. Òjò ibí a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, igi mìíràn a sì rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, a fa òrùka méjì lọ́dún kan. Òmíràn a fo odidi ọdún láìfa nǹkan kan. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọjọ́ orí igi náà lẹ́nu ẹni tó gbìn ín, kí iye òrùka sì bá a mu. Bí kò bá bá a mu, iṣẹ́ mi ò dúró, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó jáde. Mo sáré lọ bi Bàbá. Kò tilẹ̀ ronú. “Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló rí,” ó wí. “Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà wọ́n.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wà lára àwọn ọ̀sẹ̀ tó dùn jù láyé mi. Lọ́sàn-án, a ó gbé ègé igi náà, tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ńlá, sórí àga. Bàbá a máa fi sáńpépà dán an pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó mọ igi, èmi a máa fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti àárín wá síta la ti ń kà. Nígbà tí mo dé orí òrùka kẹsàn-án, mo rí i pé ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. N kò sọ fún un; mo kàn bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹsàn-án igi náà. “Ìyẹn lọdún tí kànga yìí gbẹ,” ó wí. “Ìyá àwọn ọmọ ń lọ pọnmi lódò, igbó ń jóná káàkiri.” Àkọsílẹ̀ òjò tí mo rí ní yunifásítì náà sọ pé ọ̀dá ńlá dá ní ìwọ̀n ìgbà yẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun.

Bàbá ní ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì ń gbé ní Gowon Estate. Ènìyàn rere ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá wo bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin oṣù méjì, Bàbá ti gbàgbé kẹ́tùlù sórí sítóòfù lẹ́ẹ̀mejì títí ìdí rẹ̀ fi jó, ẹ̀rù sì ti ń ba ọmọ náà. Ó fẹ́ kó bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá kò fẹ́. Ó ní kí ni òun ó máa ṣe lókè níbẹ̀, àbí kí òun máa ka mọ́tò? Ó ní iyè òun pé, omi tó hó gbẹ kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ náà jókòó ti bàbá rẹ̀ níbi tí igi wà tẹ́lẹ̀, èmi sì ń ka àwọn òrùka tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, àwọn tó sún mọ́ra jù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò sì lè pa á mọ́ra. Mo ní, “Bàbá, ó ku ẹyọ kan o. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni igi sọ.” Bàbá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà lójú wọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò yí padà. Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. Kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dùn mí. “Bàbá mi,” ó wí, “igi tẹ́ ẹ gbìn fúnra yín rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Bàbá fi àtàǹpàkò ra ojú igi náà títí, bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́. Nígbà tó yá, ó ní bóyá òun ti ń gbàgbé lóòótọ́, ó sì dìde wọlé. Wọ́n fẹnu kò sí Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá bi í nípa òjò, èsì kan ṣoṣo ló máa ń fún mi: bí ìwé yín bá ṣe wí náà ni. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyá mi kò tù mí nínú. Ó ní ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo fèsì pé òrùka igi kì í ṣe àkísà, ó sì wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Mo gbé ègé igi náà lọ fún ọ̀gá mi. Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, alápatà kan dá mi dúró, ó fẹ́ rà á láti máa gé ẹran lórí rẹ̀. Mo ní ìwé ni, ó ní irú ìwé wo ló wúwo tó báyìí. Ọ̀gá mi ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bíi tèmi. Ó ní igi náà mọ́ kedere, kò fo ọdún kankan. Bàbá yẹn ló fi ọ̀kan kún un, àwọn àgbà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí n padà lọ bi í dáadáa. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí. Bí Bàbá bá ṣáà ti lè sọ pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ mi ti yanjú. Kò sì lè ṣòro: ẹni tó ti gbà pé òun ń gbàgbé, ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ni yóò sọ. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì ń bínú sí ara mi, síbẹ̀ n kò yé rò ó.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ kó o lọ ni mo mú ìwé mi, mo wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n ti di ẹrù tán. Ọmọ rẹ̀ fa àpò ìdọ̀họ kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó bi í pé ṣé kí òun dà á nù. Bàbá ní kó dà á nù, kí ni òun tún fẹ́ fi ṣe. Ìwo àgbò ló tú jáde. Láti Iléyá àkọ́kọ́ tó ṣe lórí ilẹ̀ náà, ìwo kan lára àgbò kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ti ń fi pamọ́, tó ń lu wọ́n níhò, tó ń fi wáyà so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà wọ́n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọmọ rẹ̀ náà kà wọ́n, ó ní bóyá àgbò méjì ni bàbá òun pa lọ́dún tí òun parí ilé-ìwé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá gbé orí sókè. “N ò pa àgbò méjì lọ́dún kan rí,” ó wí. “Níbo ni n ó ti rí i, jàre?”

Lọ́dún kan. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọdún tèmi nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ó sì parí lẹ́yìn Kérésìmesì. Ọdún ti Bàbá ni ọjọ́ tí wọ́n wọ aṣọ tuntun, tí wọ́n lọ kírun ní Yídì, tí wọ́n padà wá pa àgbò. Mo wo ìwo tó ṣìkejì sí ìkẹyìn. Kékeré ni, ó sì tẹ̀ sápá kan. Mo rántí àgbò yẹn. Ẹran rẹ̀ la fi jẹ ìrẹsì ọdún tuntun, tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín pé Bàbá wa ṣe Iléyá títí wọ inú àìsùn ọdún tuntun.

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná wa. Lábẹ́ kàlẹ́ńdà tuntun ni àwọn ti àtijọ́ wà, ìyá mi kì í yọ wọ́n nítorí ihò ara ilẹ̀kùn. Mo ṣí ti ọdún 2006. Nínú oṣù kìn-ín-ní, ó kọ ọ́ pé: ẹran Iléyá, Bàbá wa. Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọdún ń parí lọ: ẹran Iléyá, Bàbá wa, lẹ́ẹ̀kejì. Oṣù òkè ni wọ́n fi ń ka Iléyá, ó sì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Mo ti kọ́ èyí nílé-ìwé, mo ti gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Iléyá méjì yóò bọ́ sínú ọdún kan. Èkíní bọ́ sínú ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọdún, èkejì bọ́ sínú ọyẹ́ tó parí rẹ̀, òjò ọdún kan ṣoṣo ló sì rọ̀ láàrin wọn. Òjò ni igi ń kà, Iléyá ni Bàbá ń kà, kò sí ẹni tó ṣì í nínú àwọn méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ igi nìkan ni mo ti gbọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo fi kàlẹ́ńdà náà hàn wọ́n. Ọmọ Bàbá ka ìlà méjèèjì, ó tún ìwo kà, ó sì jókòó lórí ẹrù tí wọ́n ti dì. Bàbá ló sọ̀rọ̀. Ó ní kó dìde lórí ẹrù òun, kó má baà fọ́ abọ́ òun, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mi ò ní sọ pé Bàbá kò gbàgbé kẹ́tùlù. Ó gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ rẹ̀ gbé kẹ́tùlù oníná kan wá, èyí tó máa ń pa ara rẹ̀ bí omi bá hó. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, ìyẹn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, ìyá mi a gbé omi gbígbóná lọ fún un. Iṣẹ́ mi yege. Ọ̀gá mi ka ojú ewé tí mo ti ṣàlàyé Iléyá méjì náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sùn dáadáa, mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá pé ṣe ni mo wá láti fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí i lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. “Ká ní o bi mí ni,” ó wí, “ǹ bá sọ ọ́ fún ẹ.” Ó tú ìwo kékeré yẹn kúrò lára wáyà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní èyí kò ní òrùka tiẹ̀, kí n máa fi rántí.

Inú ilé yẹn ló gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ègé igi náà wà lórí tábìlì mi, ìwo náà sì wà lórí rẹ̀. Ìyá mi ti dàgbà báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ó ń bá mi jiyàn pé ọdún keje rèé tí bàbá mi ti kú, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́fà ni. Mo ti lanu kí n tó pa á dé. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo ní, “Màmá, kí lẹ fi ń kà á?” Ó ní Kérésìmesì ni, àwọn èyí tí òun ti se ìrẹsì láìsí ẹni tí òun ó bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún, àti èyí tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí a sin ín. Mo bá a kà á. Méje ni.