Níbi Tí Ìwọ́ Olúwanífẹ́mi Wà

Bí o bá bi Adégbénró ní ojúlé rẹ̀ ní Fairburn nílùú Òyìnbó, nọ́ńbà tí sátẹ́láìtì fi ń mọ ibẹ̀ ló máa kà fún ẹ. Iṣẹ́ máàpù ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Norcross, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ó máa ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó ti mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí Hephzibah ìyàwó rẹ̀ bí Olúwanífẹ́mi, ìyá Adégbénró wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú ọmọ. Ìwọ́ ọmọ já, màmá fi í sínú agolo mílíìkì, ó sin ín sẹ́yìnkùlé. Ó fẹ́ gbin ọsàn lé e, àmọ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ò gba igi bẹ́ẹ̀. Adégbénró fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ kò ní sọnù. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ní ọ́fíìsì wá, ó gba àmì ojú ibẹ̀ sílẹ̀, àmì tó péye tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ ibi tí eèrà dúró sí.

Àmọ́ fóònù rẹ̀ kò lè ṣí fáìlì ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni bá yí fáìlì náà sí oríṣi mìíràn, oríṣi àtijọ́ tó máa ń gé ìdí nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó gùn lẹ́yìn pọ́ìntì ló ń jẹ́ kí àmì dúró sójú kan. Tí wọ́n bá ti gé e, àmì á ṣí lọ. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló tó yẹ iṣẹ́ Adégbénró wò?

Bó ṣe di pé ó ń ṣọ́ koríko kan tí fóònù tọ́ka sí lẹ́bàá ọgbà lọ́dọọdún nìyẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, àfi ajá aládùúgbò tó ń tọ̀ síbẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó fẹ́ da kankéré sẹ́yìnkùlé kó lè rí ibi yan ẹran, ó kọ́kọ́ fi fóònù wò ó dáadáa, kó má baà bo ìwọ́ ọmọ.

Wọ́n wá ń kó lọ sí Conyers. Màmá ní kí wọ́n hú agolo náà dání, nítorí ọmọ kì í kó kúrò nílé kó fi ìwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó, Adégbénró gbẹ́ ìdí koríko ajá títí. Kò rí agolo. Ó sáré ṣí fáìlì ọ́fíìsì gangan lórí kọ̀ǹpútà. Àárín kankéré, lábẹ́ ààrò ẹran, ni àmì náà wà.

Ìyá rẹ̀ pè lórí fídíò láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ṣé o ti rí i?"

"Mummy, ó wà under the patio."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kankéré ni, mà. Èmi ni mo dà á."

"Fọ́ ọ."

"Mummy, àwọn tó fẹ́ ra ilé ti wà on their way. Wọn ò tíì sign. Nítorí patio yẹn gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ilé yìí!"

"Ṣé àwọn ló lóyún Olúwanífẹ́mi ni?"

Adégbénró wo ìyàwó rẹ̀ bíi kó gba òun sílẹ̀.

"Má wò mí o," Hephzibah ní. "Èmi kọ́ ni mo convert file."

Ojú tì í gan-an. Ó lọ mú òòlù ńlá nínú ọkọ̀ ẹrù. Ó là á mọ́ kankéré, òòlù ta padà. Ó tún là á, kankéré sán. Bó ṣe tún gbé e sókè, tọkọtaya tó fẹ́ ra ilé ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ọkùnrin tó ń fọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ rà.

Adégbénró kí wọn káàárọ̀, ó sì tún là á mọ́ ọn.