Ogún Ó Dín Mẹ́ta

Ní kékeré mi, ilé kéú ni mo ti ń bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí rédíò mú mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di òní. Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń tún rédíò ṣe. Bí mo ṣe fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbọ́ tí ohùn kan nínú àpótí onírin béèrè pé, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan, ó ní kò tíì rọ̀. Ohùn yẹn ní ní Ìbàdàn, òjò ti fẹ́ wó ilé. Ẹ̀yin ọmọ mi, rédíò tí mo mọ̀ nílé bàbá mi, sísọ nìkan ló ń sọ, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Èyí ń gbọ́ràn. Mo yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo wáyà tó lọ sí Ìbàdàn.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Wáyà ni, bàbá."

"Afẹ́fẹ́ ni wáyà rẹ̀. Kúrò níbẹ̀ kí iná má gbé ọ."

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Inú ìwé àti inú àṣìṣe ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ti bí ọmọ mẹ́rin kí n tó yege ìdánwò, kí ìjọba tó fún mi ní ìwé àṣẹ. Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù ni àwọn ìdíje kékeré tí àwa onírédíò ń bá ara wa ṣe lórí ìgbì mítà méjì. Ìgbì yìí kò dà bí èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ìròyìn òkè òkun. Ọ̀nà tààrà ló máa ń tọ̀, òkè kan ṣoṣo sì lè dí i lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ẹ́ríà, irin tó ń ju ohùn sáfẹ́fẹ́ tó sì ń gbà á, fi gbọ́dọ̀ ga. Tèmi wà lórí ọparun oní-mítà mẹ́sàn-án. Ó rí bí egungun ẹja, ó ní eegun mẹ́sàn-án, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ ọ̀pá kọ́tìnnì tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi mọ ibi tí wọ́n ti wá. Agbára rédíò mi kò ju wáàtì mẹ́wàá lọ, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń gbé e.

Wákàtí méjì péré ni ìdíje náà, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹni tí o bá bá sọ̀rọ̀, o ó fún un ní nọ́ńbà: oókan fún ẹni àkọ́kọ́, eéjì fún ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. O ó tún sọ àmì ilẹ̀ tí o wà, nítorí a ti pín gbogbo ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin lórí máàpù. JJ16 ni ti Ìjẹ̀bú-Òde. Kìlómítà kan, máàkì kan. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà tí o sọ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹnìkejì kọ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ti pàdánù ìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pe nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dìde lọ́dún tó kọjá pé kí a fi Yorùbá pè é. Mo ní àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n kó ẹ̀pà mẹ́tàdínlógún wá, wọn á wò mí bí ẹni pé èdè àjèjì ni mo sọ. Ẹnjiníà kan tó ń gbé l'Ékòó, ọ̀dọ́mọdé tó mọ iṣẹ́ dénú, kò gbà.

"Bàbá, kí a tó pe márùndínláàádọ́ta tán, ìdíje á ti parí."

"Ìwọ lo ń kánjú. Ta ló ń lé ọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi mí sí àdánwò: ìdíje kan ṣoṣo. Bí àṣìṣe nọ́ńbà bá ju márùn-ún lọ nínú gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ wa, a ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná lè bo tútù mọ́lẹ̀, ìgbì mítà méjì á sì bá àárín wọn lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kírun Alásárì, mo jókòó. Èkó wọlé, Ìbàdàn wọlé, Abẹ́òkúta wọlé. Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀, mo yí ẹ́ríà sí ìlà oòrùn, mo sì gbọ́ obìnrin kan láti Àkúrẹ́, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí òwú. Kìlómítà méjìdínláàádọ́jọ! N kò rí irú rẹ̀ rí láti orí ọparun mi. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní, "Mẹ́tàdínlógún, JJ16." Ó dúpẹ́, ó fún mi ní tirẹ̀, mo sì yí ẹ́ríà padà sí ìwọ̀ oòrùn láti fún ọkùnrin kan ní Òdogbolú ní méjìdínlógún.

Ti Òdogbolú tún nọ́ńbà náà pè láti fi hàn pé òun gbọ́. Kò pẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìlà oòrùn ni òun kọjú ẹ́ríà tirẹ̀ sí láti gbọ́ mi, ìhà ibẹ̀ náà sì ni Àkúrẹ́ wà.

"Bàbá, ẹ yí ẹ́ríà yín padà. Àǹtí kan ń pè yín láti Àkúrẹ́. Ó ní ṣé ẹ ti ń kà sẹ́yìn ni."

"Kà sẹ́yìn báwo?"

"Ó ní ogún lẹ fún òun, òun sì gbọ́ tí èmi ń tún méjìdínlógún tí ẹ fún mi pè."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Rédíò mi máa ń gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí mo bá tẹ bọ́tìnnì kí ohùn tó jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ Àkúrẹ́ mú mi lanu kí bọ́tìnnì tó wọlé, rédíò sì gbé "mẹ́tàdín" mì. "Lógún" nìkan ló dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Èdè tí mò ń gbèjà rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ ló máa ń fi ohun tó dín sí, ibi tí rédíò sì ti ń gé ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Mo sáré jáde lọ yí ọparun. Nígbà tí mo fi padà, afẹ́fẹ́ ti ń yí, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo mí kan kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ogún, ó dín mẹ́ta. Ogún, ó dín mẹ́ta."

Ariwo nìkan ni mo gbọ́. Mo tún un sọ. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá ìdáná, ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

"Àlhájì, ta lẹ ń bá ná ọjà níbẹ̀?"

Kí n tó dá a lóhùn, Àkúrẹ́ wọlé: "Mo gbọ́ o, sà. Mẹ́tàdínlógún. Mo ti kọ ọ́. Ẹ rọra, sà, ọjà ò tíì tú." Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pè wọ́n: ogún ó dín kan, ogún gbáko, ogún ó lé kan, ogún ó lé méjì. Ṣùgbọ́n márùndínlógún àti mẹ́rìndínlógún ti lọ ṣáájú, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ro ó.

Ẹnjiníà yẹn ló fúnra rẹ̀ pè mí.

"Bàbá, àṣìṣe mẹ́ta péré ni. Ọ̀kan jẹ́ tiyín, mẹ́rìndínlógún."

"Mẹ́ta ni o pè é?"

"Mẹ́ta ni, sà. Yorùbá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó lanu."

Mo ní Alhamdulillah, mo sì jókòó sórí àga bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Fóònù ń bá yín ka ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó lé tàbí ohun tó dín lọ́wọ́ yín mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdíje tó kọjá yìí, mo gbọ́ àwọn ọmọ yunifásítì Ìjágun lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń pe ogún ó dín méjì láìkọsẹ̀, tí ẹni tó bá ṣì í sì ń jẹ yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èsì tèmi ọjọ́ náà rèé: ènìyàn méjìlélógún ni mo bá sọ̀rọ̀, mọ́kànlélógún ló dúró, Àkúrẹ́ wà nínú wọn. Kìlómítà ẹgbẹ̀fà, ó lé mẹ́rìnlá.