Bàtà Tí Wọ́n Wọ̀ Fún Bàbá Mi Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ore ní Sátidé tó kọjá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kí n sì tètè sọ ọ́: nínú àwọn tí inú ń bí mi sí, èmi fúnra mi wà níbẹ̀.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yin ará Odigbo, àgbẹ̀ kòkó lẹ mọ̀ wọ́n sí, àti alàgbà ní ilé àdúrà wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé nígbà tí ogun abẹ́lé parí, bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, rọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ń kọ ní jọ́ńṣọ̀n Ore. Rọ́ọ̀kì ni mo wí o, kì í ṣe jùjú. Gìtá oníná tó ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gàrí! Tí iná bá lọ, bátìrì lọ́rì ni wọ́n máa ń yá láti fi parí orin.

Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn awakọ̀ tó ń ti Èkó lọ Benin á páàkì sẹ́bàá títì, wọ́n á ní àwọn ò ní gbéra àfi tí orin bá tán. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Èmi ò gbà á tán. Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi rín bàbá àgbà wọn. Wọ́n á ní ṣebí orin òyìnbó ni rọ́ọ̀kì, ta ló wá kọ ọ́ ní Odigbo? Àwọn mẹ́ta yòókù sì ti kú, kò sí ẹni tó máa jẹ́rìí. Mo mọ̀ pé ó ń dun bàbá mi, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe ìgbà èwe òun ní irọ́?

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Dàpọ̀ pè mí. Dàpọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ báńà ní Ore. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ ṣe ètò kan ní ọ̀sán Sátidé, lórí ohun tó jẹ́ kí orin rọ́ọ̀kì àwọn ọdún 1970 sí 1979 dùn débi tí àwọn tó gbọ́ ọ ò fi lè gbàgbé. Ó gbọ́ nípa bàbá mi, ó ní kí n fún òun ní fọ́tò.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, ó wà lára ògiri pálọ̀ wa. Àwọn géńdé mẹ́rin ni, irun orí wọn rí roboto bí igbá, ṣòkòtò lábú wọn ń gbá ilẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn wà. Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ lásán yẹn máa ń tì mí lójú. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé òṣì ni. Mi ò bèèrè rí, nítorí báwo ni mo ṣe fẹ́ bi bàbá mi pé ṣé wọn ò rí owó ra bàtà ni?

Mo fi fóònù ya fọ́tò náà. Ọ̀rinrin ti mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dúdú, ó kún fún nǹkan rìbìtìrìbìtì bí òkúta. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo fi èyí tó kù ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Dàpọ̀ kọ̀wé sí mi pé, Ẹ̀gbọ́n, àwọn bàbá yìí ò wọ bàtà o, àlejò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ṣé kí n bá wọn wọ̀ ọ́? Ó ní kọ̀ǹpútà òun lè ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i, pé ó dáa. Àtàǹpàkò kan péré.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi ti lọ aṣọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bóyá wọ́n á lè dárúkọ àwọn mẹ́ta tó ti kú níwájú èrò. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ní Sátidé, a gun ọ̀kadà méjì, ó di Ore.

Nígbà tí a wọ gbọ̀ngán, báńà ti gba ògiri kan tán. Bàbá mi rèé àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, bàtà dúdú sì ń dán lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Kì í tilẹ̀ ṣe bàtà ayé ìgbà yẹn! Irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń wọ̀ ni.

Olóòtú ètò gba máìkì. Ó ní nǹkan mẹ́ta ló jẹ́ kí ìgbà yẹn ṣe é rántí: irun, ṣòkòtò lábú, àti bàtà gàráńtì onígìgísẹ̀ gíga. Ó wá nawọ́ sí ẹsẹ̀ bàbá mi lórí báńà, ó ní ẹ wò ó, àwọn tiwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo wojú bàbá mi. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rọra bi mí pé, “Ta ló wọ bàtà fún wa?”

Mo dìde, mo lọ bá Dàpọ̀ lẹ́yìn àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Mo ní ṣé àwòrán baba rẹ ni? Ta ló ní kí o tún baba oníbaba ṣe? Dàpọ̀ tẹrí ba, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i.” Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àtàǹpàkò mi rèé, ó nà ró. Ó le kú, ìjà Ore!

Ibi tí mo dúró sí náà ni mo wà tí mo rí bàbá mi tí wọ́n bọ́ bàtà wọn, tí wọ́n tò ó sí etí pèpéle, tí wọ́n gun òkè lọ ní ẹsẹ̀ lásán. Tí inú bá ń bí bàbá mi, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, torí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí gbogbo wa á ṣe gbọ́ ọ.

Wọ́n ní gìtá yẹn kì í ṣe tàwọn. Gìtá ilé àdúrà ni, àwọn ìyá ìjọ ló ta kòkó láti fi rà á. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Ìjọ pé kí ó jẹ́ kí àwọn máa gbé e jáde láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá mọ̀ pé rọ́ọ̀kì ni wọ́n fẹ́ fi kọ, kò bá wọn jà. Ó ní wọ́n ti ta òróró sí gìtá náà, ibikíbi tó bá wà, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé àdúrà, ṣé a máa ń wọ bàtà wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà nílé ọtí tí wọ́n ti ń kọrin ní jọ́ńṣọ̀n, láàárín àwọn awakọ̀. Àwọn èrò wá sọ wọ́n ní Ẹlẹ́sẹ̀-Lásán.

Wọ́n ní bàtà wà. Olúkúlùkù ló ra gàráńtì tirẹ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ rìn láti Odigbo kí gbogbo ayé lè rí i, tí wọ́n bá dé, wọ́n á tò ó sí iwájú pèpéle. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun á kó wọn lọ ṣe àwo orin, tí wọ́n bá lè wọ bàtà lórí pèpéle bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n kọ̀.

“Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí àwo wa rà,” bàbá mi sọ. Wọ́n dárúkọ àwọn mẹ́ta tó ti kú: Sámúẹ́lì ará Omifunfun tó ń lùlù, Jósẹ́fù ará Àgó Aláyé, àti Wọlé tó ń kọrin. “Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la kọ̀ ọ́. Ẹ wá wọ̀ ọ́ fún wa lónìí, nígbà tí mẹ́ta nínú wa ò lè bọ́ ọ mọ́.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé bàtà wọn lọ́wọ́, ó di ìta kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a délé, wọn ò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Wọ́n gbé fọ́tò kúrò lára ògiri, wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó dáadáa. Bàtà ni. Mẹ́jọ, wọ́n tò ó sílẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n kọjú sí èrò. Ọdún mélòó ni mo ti ń nu eruku fọ́tò yẹn? Òkúta ni mo pè é, tí mo fọwọ́ ara mi gé e dànù.

Dàpọ̀ ti wá dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á tún báńà náà tẹ̀. Bàbá mi ní kó tẹ fọ́tò náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí á bèèrè kí á tó bá àgbà tún ìtàn wọn ṣe. Ohun tí ojú ń tì wá sí lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹ lọ wo fọ́tò ara ògiri yín lónìí títí dé ìsàlẹ̀. Tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ bi í, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún wa lábẹ́ ibí yìí.

Ní tèmi, bàbá mi bi mí ní gbọ̀ngán yẹn pé ta ló wọ bàtà fún àwọn, mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n wà ní pálọ̀ báyìí, mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀.