Ọjọ́ Mẹ́ta Tí A Fi Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn l'Ábújá

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú rí Àbújá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá Èkìtì nílẹ̀ lè má mọ̀ pé lẹ́yìn tí a gba ìpínlẹ̀ tiwa, ó tó ọdún mélòó kan kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó gbà pé a ti kúrò lábẹ́ ìpínlẹ̀ àtijọ́. Ẹgbẹ́ àwa aránṣọ wà lára wọn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe fíríìdọ̀mù ní Ìkẹ́rẹ́, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní láti lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ àtijọ́ kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kan dúró títí ó fi sú wọn.

Nígbà tí ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ dé, tí a fẹ́ lọ dìbò yan aṣáájú l'Ábújá, àwa mẹ́ta ni Èkìtì rán: èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń rán aṣọ ọkùnrin ní Òde-Èkìtì, àti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Àdùkẹ́. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Èmi ni mo ń bá a fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́.

"Fúnmi," ó ní, "jẹ́ kí n rí Àbújá kí ojú yìí tó kọṣẹ́ sílẹ̀."

A gba Lọ́kọ́jà kọjá, a sì dé sí ilé àbúrò Bọ̀dá Káyọ̀dé ní Nyánya, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká ilé àárín ìlú ń gbé. Lówùúrọ̀, àwọn ènìyàn ń rọ́ wọnú ọkọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ni lójoojúmọ́. Mo di Màmá lọ́wọ́ mú, mo sì ń sọ ohun tí mo rí fún un: títì tó fẹ̀ bíi pápá ilé-ìwé, òrùlé mọ́ṣáláṣí ńlá tó ń dán bíi wúrà, àpáta Asò tó dúró gàgàrà lẹ́yìn ìlú.

"Ṣé ó ga tó àpáta Ìkẹ́rẹ́?"

"Ó tilẹ̀ ga jù ú lọ díẹ̀, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Gbọ̀ngàn ìpàdé kò jìnnà sí ọjà Wúsè. Akọ̀wé kan tó jókòó ti tábìlì lẹ́nu ọ̀nà yẹ ìwé rẹ̀ wò títí.

"Èkìtì kò sí níbí. Abẹ́ ìpínlẹ̀ yín àtijọ́ lẹ ṣì wà, wọ́n sì ti rán aṣojú wá."

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ kò gbọ́ pé wọ́n ti dá Èkìtì sílẹ̀ ni?" Bọ̀dá Káyọ̀dé bi í.

"Mo gbọ́ lórí rédíò. Kò tíì dé inú ìwé yìí."

Nígbà tí a ti bá a jiyàn títí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àyè ẹnì kan ṣófo lábẹ́ ìpínlẹ̀ àtijọ́: kí èmi nìkan wọlé, kí n dìbò, kí n má sọ̀rọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo ti gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Mo rò ó pé ìbò kan sàn ju òfo lọ.

Màmá na ọwọ́ títí ó fi kan apá mi. "Fúnmi, bí o bá wọlé lórúkọ ẹlòmíràn, orúkọ ta ni o ó fi jáde? Ulé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. A mọ ulé wa o."

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára ni èdè Ìkẹ́rẹ́ máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ báàgì kalẹ̀. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Àwa náà jókòó tì í.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń lọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Obìnrin Haúsá kan ń din àkàrà lódìkejì títì. A kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ wá fún Màmá. Màmá fọwọ́ kan apá bùbá obìnrin náà, ó rí i pé ó ti ya. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́, Màmá sì fọwọ́ rán an níbẹ̀, láìwò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà ń wá ojú ibi tó ti ya tì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dìbò. A ń gbọ́ àtẹ́wọ́ láti inú. Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọkùnrin gìrìpá, da ojú kọ ògiri, ó ń sunkún. Màmá ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn aṣojú tó ń wọlé tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí ìyá àgbà yìí í ṣe. Àwọn kan wà nínú wọn tí ìpínlẹ̀ tiwọn náà jẹ́ tuntun, tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn wọlé. Ọ̀kan jáde wá jókòó tì wá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àtẹ̀gùn ti kún, àwọn tó kù nínú gbọ̀ngàn kò sì tó iye tí òfin ẹgbẹ́ béèrè láti parí ìpàdé. Ààrẹ ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn fúnra rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Màmá.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe?"

"Kọ orúkọ wa."

Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, ó sì kọ ọ́ lójú wa. Màmá yíjú sí mi. "Ṣé ó kọ ọ́ dáadáa?"

"Ó kọ ọ́, Màmá. È-kì-tì."

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kí a tó padà sílé, mo mú Màmá wọ ọjà Wúsè. Ó ń fọwọ́ pa aṣọ ní ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣì í rárá. Odindi ọ̀sán la fi rìn, mi ò sì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí a jèrè nìyẹn: ẹ̀ka tiwa, òǹtẹ̀ tiwa. A pàdánù ìbò ọdún náà, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Màmá ti lọ sinmi.

Ṣùgbọ́n ìyókù iṣẹ́ náà wà lọ́rùn mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti Ìlúmọba sí ìpàdé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní orúkọ ẹ̀ka àwọn kò sí nínú ìwé. Akọ̀wé wa, tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́, ní kí ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ná. Ó lọ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí, ìpàdé sì ti pẹ́. N kò la ẹnu mi. Títí di òní, a kò tíì kọ orúkọ ẹ̀ka wọn sínú ìwé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, n kò ní wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni n ó wà lẹ́nu ọ̀nà.