Aró Tó Já Nínú Ìwé Ẹbí

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń wọ gíláàsì jókòó síwájú ilé wa l'Ọ́jà'ba, tí màá ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ bí ẹni tó ń kà á. Irọ́ ni. Aṣọ òfì híhun ni wọ́n kọ́ mi ní kékeré, wọn ò fi mí síléèwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ èyí nìkan ló mọ̀, kò sì sọ fẹ́nì kan.

Lọ́dún yẹn, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé sínú ìwé kan. Ìdí igi mẹ́rin ni wá, torí ìyàwó mẹ́rin ni bàbá wa fẹ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kò ní ìpín nínú ilé mọ́ nìyẹn. Èmi àgbà ilé ni màá tẹ̀ka sí i. Akọ̀wé ẹbí, àbúrò mi, fi ìwé ọ̀hún ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ọmọ yìí pé kó kà á fún mi, torí mo ti ní ojú ń dùn mí. Ó kà á, kà á, oorun gbé mi lọ.

Ó jí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tiẹ̀."

Ìyẹn yé mi. Mo fún tiwa ní pupa, ìkejì yẹ́lò, ìkẹta gíríìnì. Ìyá kékeré, ìyàwó ìkẹrin, aláró ni nígbà ayé ẹ̀, mo fún un láró. Mo rò pé á máa kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Rárá o. Ìlà mélòó kan ló kọ sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ tí ìyá báyìí bá wà nídìí ẹ̀, kó di àwọ̀ báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó ṣẹ́jú, ìwé ti di aṣọ òfì.

Mo wò ó. Pupa ń lọ, yẹ́lò ń lọ, gíríìnì ń lọ. Aró ò ju ìlà mẹ́ta lọ tó fi já. Bẹ́ẹ̀ ìyá kékeré ló bímọ jù nínú wọn! Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé gbé íǹkì síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ka, ká lè tètè lọ kírun."

Mo ní, "Àwọn ọmọ ìyá kékeré dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ̀gbọ́n ti kà á tán!"

"N ò mọ̀wé, n ò mọ̀ ọ́n rí. Àmọ́ mo mọ òwú tó bá já." Mo na ìwé aláwọ̀ sókè.

Akọ̀wé ní ojú ìwé kan ló bọ́ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. N ò bá a jà. Òwú ò ní ṣàì já mọ́ ahunṣọ lọ́wọ́. Síso ló kù. Kí wọ́n tó pèrun àsárì, orúkọ àwọn ọmọ ìyá kékeré ti pé. Ọmọ ọmọ mi tún tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, aró kún ojú ìwé. Ìgbà yẹn ni mo tẹ̀ka.

N ò ra ìwé ìròyìn mọ́. Ìwé ẹbí aláwọ̀ tó wà lára ògiri pálọ̀ ni mò ń kà láràárọ̀: màá bẹ̀rẹ̀ níbi pupa, níbi torúkọ mi wà, màá fìka tọ̀ ọ́ títí dé ìdí aró. Kò já.