Bẹ́líìtì Kan Kì í Gba Ènìyàn Méjì Là

Ohun tó níye lórí jù lọ lágbàlá Nedyalko kì í ṣe ilé, kì í ṣe ewúrẹ́ méjèèjì, òpó irin ni. Mítà mẹ́rìnlélógún ni gíga rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn àwọn igi tí wọ́n ń fi èso wọn pọn ọtí rakia, áńtẹ́nà ńlá sì wà lórí rẹ̀ tí Nedyalko fi ń bá àwọn ará Japan àti Brazil sọ̀rọ̀ lórí rédíò, nítorí pé ó wù ú, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbànú awọ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ló sì fi ń gun òpó rẹ̀ láti ogún ọdún. Ìgbànú ìdí lásán ni. Bí ẹni tó dè é bá já bọ́, yálà kó ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn, tàbí kó yọ́ bọ́ nínú rẹ̀ bí ẹja. Nedyalko mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì já bọ́ rí a máa rò pé ọgbọ́n òun ló gbé òun dúró.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, Gergina ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbànú náà lé tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, awọ sì fọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ.

"Nedyalko, o ò ní fi èyí gun nǹkan kan mọ́."

"Ìdíje àwa onírédíò ní oṣù kẹwàá wá ńkọ́? Áńtẹ́nà ò yí mọ́ lókè yẹn."

"Lọ ra bẹ́líìtì gidi. Mi ò fẹ́ di opó nítorí pé ọkọ mi ń kí ará Brazil."

Ló bá lọ sí ọjà táwọn onírédíò máa ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Pantaley nawọ́ bẹ́líìtì kan sí i.

"Bai Nedyalko, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Ó kọ́ èjìká, ó gba abẹ́ itan, òrùka irin wà láyà àti lẹ́yìn. Ogójì leva péré."

"Tuntun ńkọ́?"

"Ọ̀tàlénígba leva! Ṣé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ni?"

Nedyalko sanwó, ó ń súfèé délé.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Gergina fi rán páráṣúùtì fún àwọn ọmọ ogun. Kò béèrè iye tó rà á. Ó wọ awò ojú, ó gbé bẹ́líìtì náà lọ sójú fèrèsé, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ lé ojú ìrán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró níbi èjìká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣẹ́ okùn bẹ́líìtì po tí wọ́n á rán an. Bí ẹnìkan bá já bọ́, òwú ibẹ̀ á já, ìṣẹ́po á tú, kí gbogbo ayé lè rí i pé bẹ́líìtì náà ti gba ẹ̀mí kan là, agbára rẹ̀ sì ti tán.

"Ta ló rán ibí yìí?"

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ta ni ì bá tún rán an?"

"Ẹ̀rọ ló rán ìyókù, òwú rẹ̀ ń dán. Ọwọ́ ló rán èyí, òwú bọ́tìnnì ni. Wo ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan ti já bọ́ nínú bẹ́líìtì yìí, wọ́n wá tún un rán kí ojú má baà rí i."

Inú bí Nedyalko. "Nítorí ihò abẹ́rẹ́, kí n da ogójì leva nù?"

"Ogójì leva ò tó ra pósí."

Nedyalko gbà pé òun ò ní fi gun òpó. Ṣùgbọ́n kò da bẹ́líìtì náà nù. Ó gbé e pamọ́ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé, ó ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀ òun á tà á fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kì í wọ awò ojú.

Ó ta rédíò rẹ̀ kejì, ó sì gba ìlú Gabrovo lọ ra bẹ́líìtì tuntun. Ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe bẹ́líìtì. Ó ní kí wọ́n wọn ìwúwo òun pẹ̀lú irinṣẹ́ òun. Ó wọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fi òun kọ́ ara òpó àjà ṣọ́ọ̀bù láti mọ̀ bóyá yóò gé òun nítan. Ó ra akoto tó ní okùn àgbọ̀n, àti okùn méjì oníkọ̀ọ́ ńlá: bí ọ̀kan bá ń ṣí kúrò, èkejì ò gbọdọ̀ tú. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ irínwó leva. Ó kérora títí ó fi délé.

Nínú oṣù kẹwàá, ó gun òpó rẹ̀, Gergina wà nísàlẹ̀, ó di okùn irinṣẹ́ mú. Ní mítà méjìdínlógún, irin tí Nedyalko tẹ̀ já láti ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà ṣubú tó mítà kan, okùn sì gbá a mú.

"Nedyalko!"

"Mo wà ńbí!"

"Ibo?"

"Ibo ni mo tún fẹ́ wà? Mo so rọ̀ bí ata tá a sá sábẹ́ òrùlé!"

"Fẹsẹ̀ wá irin. Má wo ilẹ̀!"

Ó fẹsẹ̀ wá a, ó rí i. Ó ń tú ìkọ́ kan, ó ń fi kọ́ ìsàlẹ̀, títí ó fi délẹ̀. Ìṣẹ́po méjèèjì tó wà léjìká bẹ́líìtì náà ti tú. Ó di ọwọ́ Gergina mú, àtàńpàkò tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle yẹn. Láti ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń dúpẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dúpẹ́ ojú rẹ̀ rí.

"Gergina, o ṣeun. Ọlọ́run ló fi ojú yẹn fún mi."

Obìnrin náà nu ojú, ó wọlé, ó mú àlùmọ́gàjí jáde. "Bọ́ ọ. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Bẹ́líìtì tí kò tíì pé oṣù méjì! Nedyalko la ẹnu, ó pa á dé. Ó bọ́ ọ, ó yà sí ahéré, ó sì gbé bẹ́líìtì ológójì leva jáde.

"Mo rò pé o ti jó èyí níná."

"Mo fẹ́ tà á ni."

"Fún ta?"

Nedyalko na bẹ́líìtì náà kó le dáadáa níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Èyí ni kó o kọ́kọ́ gé."

Wọ́n gé e léjìká, wọ́n gé e láyà, wọ́n gé e nítan, títí kò fi sí èyí tó gùn tó láti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.