Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ Ojú Oorun ní Ìlọrà

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, Baba Ṣẹ̀yẹ ará Fìdítì, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé yìí fún mi. Ọjọ́ tí mo gba fìríìdọ̀mù ni. Àwọn àlejò ti jẹ, wọ́n ti mu, ọ̀gá mi wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ fi ogún lé mi lọ́wọ́.

"Láńre," wọ́n ní, "oníbàárà kan wà ní Ìlọrà tí kò ní jẹ́ kí ebi pa ọ́. Ilé Díákónì. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fọ́."

"Wọ́n ń fọ́ ọ báwo, Baba?"

"Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ni."

"Lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Lójú oorun." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìgbà Sáàpù nìyẹn, tí ètò ìjọba sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi sẹ́bàá títì ní Fìdítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta ọsàn, kò sì pẹ́ tí Díákónì fi wá bẹ mí níṣẹ́. Òótọ́ ni ọ̀gá mi sọ. Ọkùnrin èyíkéyìí nílé náà á sùn jẹ́jẹ́, àfi gìrì, ẹsẹ̀ méjèèjì á gbéra sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tó ń lé mọ́tò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Á di igi orí bẹ́ẹ̀dì mú, á máa kùn hùn-hùn. Kí o tó pe Jésù, ó ti tán. Á yíra padà, oorun á tún gbé e lọ. Bílẹ̀ bá mọ́, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Wọ́n ń kọ ebè iṣu, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, Díákónì sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi láìkọsẹ̀.

Àwọn ni wọ́n sọ mí di káfíńtà gidi. Ìṣó kì í dúró lára bẹ́ẹ̀dì wọn, ó máa ń tú ni. Igi apá ni mò ń lò, mo ń gbẹ́ ihò sára igi kan, mo ń fá ẹnu èkejì títí á fi wọnú ihò náà ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀dì Díákónì, tó bá jábọ́ láti orí mọ́tò, títì ni kí ẹ bá kẹ́dùn.

Wọn ò tijú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àmì ilé ni wọ́n ń pè é. Orí ẹní ni ọmọkùnrin wọn ń sùn títí ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń pa àkùkọ, tí bàbá àgbà á ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wọn ọmọ fún bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lásìkò tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, Ìyá Dọ̀tun wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Tíṣà ni, ọmọ Awẹ́, ìyàwó ọmọ Díákónì. Dókítà obìnrin kan, agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn wa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu ọsàn, ó ń dúró de pẹpẹ ìkówèésí tó ní kí n kàn.

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ káàbọ̀. Ṣé Díákónì tún ti gun kẹ̀kẹ́ wọgbó ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Búrọ̀dá Káfíńtà, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń mì."

"Tó ń kí ni?"

"Kó máa mì, kó máa dún. Tí ọmọ bá kàn họ imú, kí ará ilé kejì rò pé ogun dé."

Àtìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì tí kò ní dún ni gbogbo ayé ń bẹ̀ mí fún. Mo ní kó jókòó, kó ṣàlàyé. Àwọn àbúrò ọmọ rẹ̀ nínú agboolé ti gba bẹ́ẹ̀dì, Dọ̀tun ṣì wà lórí ẹní, ó ń sùn bí iṣu tí wọ́n tò sáká. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, wá ń sọ káàkiri pé, "Ọmọ ilé wa kì í sùn báyìí. Ẹ bi ìyá rẹ̀ ohun tó gbé wá láti Awẹ́." Díákónì ti wá sọ pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn fúnra wọn máa jókòó ti ọmọ náà tó bá ń sùn lọ́sàn-án. Tí kò bá gun kẹ̀kẹ́, kí ìyá rẹ̀ mú un, kó lọ wá baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó ń mì yẹn ló fẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ fún ọmọ.

Dókítà gbé ọsàn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń gùn?"

Mo dùbúlẹ̀ sínú èérún pákó, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń di ìhà mú. Ẹ̀rín náà wá tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bi Ìyá Dọ̀tun léèrè nípa baba Díákónì, àti baba tó bí baba. Ó wá ní, "Àìsàn ni. Inú ìdílé ló ń rìn. Láìpẹ́ yìí làwọn onímọ̀ lókè òkun rí orísun rẹ̀ lára ìdílé kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó nawọ́ sí àwọn pákó pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri mi. "Kí lẹ ń fi wọ̀nyí ṣe?"

"Àwòṣe ni. Òun la fi ń fa ìlà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu."

"Tí eku bá jẹ etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo ẹsẹ̀ tí mo bá gé tẹ̀ lé e ló máa ní eyín eku."

"Ẹ gbé méjì dání wá lọ́jọ́ Ìsinmi," ló wí.

Lọ́jọ́ náà, Mama, ìyàwó Díákónì, gúnyán. Dọ̀tun jẹ, ó yó, ó sùn sórí ẹní láàárín pálọ̀. Gbogbo wa jókòó yí i ká bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Kò sí góòlù. Eṣinṣin kan bà sí i nímú, ó rìn dé ètè, ó sinmi díẹ̀, ó fò lọ. Ọmọ ò mira.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ wúkọ́. "Ẹ ti fojú yín rí i."

Dókítà kúnlẹ̀ kí Díákónì, ó gba àwòṣe méjèèjì lọ́wọ́ mi. "Bàbá, méjì méjì ni àwòṣe ara èèyàn, ọ̀kan látọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tó ń tọ́ ọpọlọ tẹ́ ẹ bá sùn, eku ti jẹ ọ̀kan nínú tiyín. Ara baba ńlá yín kan ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ń da àwòṣe kọ, tó ṣì í kọ. Tẹ́ ẹ bá bímọ, ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa fún un. Ẹni tí eléyín eku bá kàn á gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí èyí tó pé bá kàn á sùn jẹ́jẹ́, ọmọ yín náà sì ni."

"Kí lorúkọ àìsàn náà?" ni Díákónì béèrè.

"Ọmọ ìyá wárápá ni, sà. Ojú oorun nìkan ló ń ṣe tirẹ̀."

Díákónì tẹ̀ síwájú lórí àga. "Wárápá? Ta ló rí i kí n ṣubú rí?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, sà. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Oògùn rẹ̀ wà."

Díákónì mi orí. "Àbúrò mi kan sùn bí èyí. Baba wa ò ṣe bẹ́ẹ̀dì fún un, ó sì kó lọ sí Ìwàrè. Títí dòní, ọmọ rẹ̀ kan ò gun kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ ò rí i pé kì í ṣe tiwa?"

"Bàbá, ohun tí wọn ò fún un, ibo ló ti máa rí i fún ọmọ?"

Mama, tó ń fi aṣọ nu ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wá ní, "Bọ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Bọ́sẹ̀ ṣe kí ni?"

"Kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ẹ̀yin ò wò ó, torí ẹ ò ka obìnrin mọ́ ọn. Èmi tí mò ń tẹ́ ẹ sùn, bí mo bá ṣe tẹ́ ẹ ni mò ń bá a láàárọ̀."

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Bọ́sẹ̀. Iwájú Díákónì, etí Díákónì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ń wòkè bíi ti Díákónì. Tí ẹ bá dé fìlà fún un, ìjọ á dìde kí i.

"Mama," ló ní, "ẹ má kó mi sí i."

Díákónì wo àtàǹpàkò ọmọ wọn, wọ́n wo tiwọn. Ẹ̀rín gbéra láti ikùn wọn, ó gba àyà kọjá, àga ha lábẹ́ wọn. Gbogbo ilé bá wọn rẹ́rìn-ín. Dọ̀tun jí, ó nu ojú, ó ní, "Ṣé iyán ṣì kù?"

"Káfíńtà," ni Díákónì wí nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, "wọn ọmọ mi fún bẹ́ẹ̀dì." Ìyá Dọ̀tun fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, n ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Díákónì wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣe èkejì sí i. Ti àgbàlagbà. Ìwàrè là ń gbé e lọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, kẹ̀kẹ́ rọlẹ̀. Mama ní òun ò rí oorun sùn mọ́, pé ilé ti dákẹ́ jù. Iṣẹ́ mi dín kù ní Ìlọrà, ṣùgbọ́n n ò tíì kan bẹ́ẹ̀dì tó dáa ju méjèèjì yẹn lọ.

A gbé ti Ìwàrè sórí píkọ́ọ̀pù. Àbúrò Díákónì, bàbá arúgbó, jókòó sí fàráńdà, ó ń bẹ gbágùúdá. Díákónì tì mí síwájú, èmi ni mo ṣàlàyé eku àti àwòṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ lé e níbi tá a gbé e sí níta. Ó wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tínínrín méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló ní, "ṣé ó ti jọ ọ́ báyìí?"

Díákónì ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. Bàbá náà dìde jókòó. "Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n irun mi ti funfun tán. Ìgbà tí mò ń wá bẹ́ẹ̀dì yìí, n ò tíì ga tó ẹsẹ̀ rẹ̀."

Díákónì jókòó sí ìdí kejì bẹ́ẹ̀dì náà, àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní ká gbé e wọlé, kò sẹ́ni tó ní ká dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ tó ò ń gbọ́ mi yìí, tó bá jẹ́ ìwọ ni bàbá Ìwàrè, ṣé wàá sùn lórí rẹ̀?